Kí ọmọ má baà ra ọtí lórí fóònù, ṣé dandan ni kí ìwé gbogbo ilé di ti ọlọ́jà?

Láti ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2025 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan pé ìkànnì tí ó bá ń fi fídíò oníhòòhò hàn gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ orí ẹni tí ó fẹ́ wọlé. Kí ènìyàn kàn tẹ ibi tí wọ́n kọ "mo ti pé ọdún 18" sí kò tó mọ́. Wọ́n lè ní kí onítọ̀hún ya àwòrán ojú ara rẹ̀ kí ẹ̀rọ fi díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, tàbí kí ó fi ìwé ìrìnnà tàbí káàdì báńkì hàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún kan náà, orílẹ̀-èdè Australia bẹ̀rẹ̀ òfin tí kò jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní àkáǹtì lórí Facebook, TikTok àti irú wọn. Ọjà rírà náà wà nínú rẹ̀: ọtí, sìgá, ọ̀bẹ, tẹ́tẹ́. Ohun tí olùtajà máa ń wojú mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń béèrè ìwé lé lórí báyìí.

Ẹ má jẹ́ kí á sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Peckham àti Manchester ti wà nínú rẹ̀. Nílé níbí náà, ẹni tí ó jókòó sí Àrándùn lè fi fóònù ra ohun tí kò sí ní ọjà Ọ̀mù-Àrán, kí wọ́n sì fi mọ́tò gbé e wá fún un. Ọmọ ọdún 14 tí ó bá mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì bàbá rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè méjì ni a fẹ́ yẹ̀ wò: ta ni yóò dáàbò bo ọmọ náà, ta ni yóò sì dáàbò bo ìwé tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ wa nítorí ọmọ náà?

Ó tọ́ kí wọ́n béèrè ọjọ́ orí

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbà pé ẹrù wà lọ́rùn ọlọ́jà. Òfin sìgá tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì fàyè gba títa sìgá lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìwé òfin yàtọ̀ sí ohun tí ó wà ní ìgboro. Nínú ìwádìí tí àjọ NAFDAC ṣe ní 2021, ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n ń mutí tí wọ́n sọ pé àwọn fúnra àwọn ni àwọn ń lọ rà á. Lójúkojú ni wọ́n ti ń rà á, lọ́wọ́ ènìyàn tí ó rí i pé irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n wọn. Bí ẹni tí ó ní ojú bá ń tà á fún wọn, kí ni a rò pé ìkànnì tí kò ríran yóò ṣe?

Tẹ́tẹ́ orí fóònù tún wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ ta tẹ́tẹ́ yóò wọ ṣọ́ọ̀bù, ará àdúgbò yóò sì rí i, ìròyìn yóò dé ilé kí ó tó dé. Lónìí, ọmọ lè wà nínú yàrá, kí bàbá rẹ̀ rò pé ó ń ka ìwé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí wọ́n máa wádìí ọjọ́ orí kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Nínú ẹ̀sìn wa pàápàá, wíwádìí ọjọ́ orí kì í ṣe nǹkan tuntun. Gbogbo ẹni tí ó jókòó sí ilé kéwú ti gbọ́ ìtàn Abdullāh ọmọ Umar. Ó fẹ́ bá wọn lọ sógun Uhud nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò gbà á láyè. Nígbà tí ó di ogun Kòtò, ó ti pé ọdún 15, wọ́n sì gbà á. Nígbà tí Umar ọmọ Abdul-Azeez jẹ́ olórí àwọn Mùsùlùmí, tí ó gbọ́ ìtàn yìí, ó ní ààlà nìyẹn láàárín ọmọdé àti àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n dájọ́, ó parí. Kò sí ẹni tí ó kó ìwé ìdílé rẹ̀ pa mọ́ sí ibi tí ẹlòmíràn yóò ti wá tà á.

Al-Kùránì náà, nínú Sūratun-Nisā'i, pa àwọn alágbàtọ́ láṣẹ kí wọ́n máa dán ọmọ òrukàn wò títí tí yóò fi dàgbà, tí wọn yóò fi rí i pé ó ní làákàyè, kí wọ́n tó kó dúkìá rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni wọ́n wò. Wọ́n wo òye pẹ̀lú. Ẹni tí ó sì lè mọ̀ bóyá ọmọ ti ní òye ni ẹni tí ó sún mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tí ó wà ní òkè òkun kò lè mọ̀ ọ́n.

Níbo ni ìwé wa ń lọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di wàhálà ni pé kí ènìyàn tó lè sọ pé òun ti pé ọdún 18, wọ́n a ní kí ó kó orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, àwòrán ojú àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" péré ni ọlọ́jà nílò. Ó dà bí ẹni tí ó fẹ́ ra iyọ̀, tí ìyá oníyọ̀ ní kí ó kọ́kọ́ gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wá.

A ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Discord, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń bára wọn sọ̀rọ̀, kéde pé ó ṣeé ṣe kí àwòrán ìwé ìdánimọ̀ nǹkan bí 70,000 ènìyàn ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn. Àwọn tí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ ṣe é láti fi hàn pé àwọn kì í ṣe ọmọdé. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn tí Discord gbé iṣẹ́ fún ni ó sì ti jò, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníwèé náà kò mọ̀ rí.

Nàìjíríà ti tọ́ irú èyí wò. Gbogbo wa rántí bí wọ́n ṣe fi dandan lé e ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pé kí á so NIN mọ́ síìmù, àti bí wọ́n ṣe dí ọ̀nà ìpè lórí síìmù tí ó lé ní mílíọ̀nù 72 ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Àwọn àgbàlagbà wa tò sórí ìlà nínú oòrùn. A kó ojú àti ìka wa fún ìjọba. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative sọ fún gbogbo ayé pé ìkànnì kan tí ń jẹ́ AnyVerify ń ta ìwé NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní náírà 100 péré. Àjọ náà ní àwọn rí ti mínísítà ìbánisọ̀rọ̀, Bọ́sún Tìjání, rà. Àwọn rí ti Vincent Ọlátúnjí rà pẹ̀lú, ẹni tí ó jẹ́ olórí àjọ NDPC tí ń dáàbò bo ìsọfúnni ará ìlú. Àjọ NIMC tí ń ṣe NIN sọ pé kò sí ẹni tí ó fọ́ ilé ìpamọ́ àwọn, pé ayédèrú ìkànnì tí ń gba ìsọfúnni lọ́wọ́ ènìyàn ni wọ́n, ó sì ní kí á yàgò fún wọn. Bó ti wù kí ó jẹ́, bí ìwé mínísítà bá lè di náírà 100, kí ni tìyá alágbo ní Èsìẹ́ yóò jẹ́?

Ewu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú lásán. Ẹni tí ó bá ní nọ́ńbà, ọjọ́ ìbí àti àwòrán ojú rẹ lè gbìyànjú láti fi orúkọ rẹ gba síìmù tàbí kí ó fi yá owó lórí fóònù. Àwọn ayánilówó orí fóònù sì nìyí, tí púpọ̀ nínú wọn máa ń pe gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù ènìyàn láti dójú tì í. Ẹni tí kò jẹ gbèsè yóò wá máa bẹ olówó. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ṣeé pààrọ̀ bí ó bá jò. Ojú kò ṣeé pààrọ̀, ọjọ́ ìbí kò ṣeé pààrọ̀.

Inira tí ó wà fún ará ìlú kékeré

Ní ìlú wa, ìnira mìíràn tún wà tí àwọn tí ń ṣe òfin ní Àbújá kì í rí. Àìmọye bàbá àti ìyá wa ni kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ọdún tí akọ̀wé bá fojú díwọ̀n ni ó wà nínú ìwé wọn, pẹ̀lú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní. Ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣi ọdún rẹ̀ kọ lè pé ọdún 20 kí ẹ̀rọ máa pè é ní ọmọdé. Láti tún ọjọ́ ìbí ṣe nínú NIN, iye tí NIMC kéde ní 2025 jẹ́ náírà 28,574. Ẹni tí ń ta gààrí yóò ta gààrí fún ọjọ́ mélòó kí ó tó rí iye yẹn fi sílẹ̀, yàtọ̀ sí owó mọ́tò?

Ẹni tí kò sì mọ fóònù í tẹ̀ dáadáa yóò gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí ó wà níbẹ̀ yóò ya á, yóò fi ránṣẹ́, yóò gbowó. Ta ni ó ń bi í bóyá ó ti pa àwòrán náà rẹ́? Ó lè jẹ́ ọmọ rere, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá jí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìwé ìdajì àdúgbò ni wọ́n jí lọ.

Ìwé ìyá kò sọ ọmọ di àgbà

Àwọn kan yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba gbogbo ìwé náà, bí ọmọ wa kò bá ṣáà ti kú." A gbọ́ wọn. Ní Southport, ní oṣù keje ọdún 2024, ọmọ ọdún 17 fi ọ̀bẹ pa àwọn ọmọbìnrin kéékèèké mẹ́ta, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó sì ti ra ọ̀bẹ náà. Ọ̀rọ̀ tí ń pa òbí lẹ́kún ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ti Wolverhampton ní 2022, níbi tí wọ́n ti pa ọmọ ọdún 16 kan. Ìwé ìdánimọ̀ ìyá rẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn náà fi ra ohun ìjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé wà, orúkọ àgbà wà lórí rẹ̀, ikú kò sì yẹ̀. Nítorí ìyẹn ni ìjọba ibẹ̀ ṣe kéde ní oṣù kejì ọdún 2025 pé ẹni tí yóò ra ọ̀bẹ yóò fi ìwé tí ó ní àwòrán hàn nígbà tí ó bá ń rà á, yóò sì tún fi hàn lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹrù bá dé.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ wà. Ẹni tí ó gbé ẹrù wá lè wo ojú ẹni tí ó gbà á, kí ó wo ìwé, kí ó dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Kò sí ohun tí ó kù sínú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni.

Ohun tí òfin wa ti sọ, àti ohun tí ó kù fún wa

Òfin ààbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ti sọ ọ́ kedere: ìwọ̀nba ohun tí iṣẹ́ nílò ni kí ilé-iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Òfin kan náà ní kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ kí wọ́n tó lo ìsọfúnni ọmọdé, kí wọ́n sì wá ọ̀nà tí ó yẹ láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ìsọfúnni bá jò, tí ó sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi tó NDPC létí. Òfin dára. Ohun tí a ń bi ìjọba ni pé: ta ni ẹ ti mú? Kí ìjọba tó ní kí ọlọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa gba NIN nítorí ọjọ́ orí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi hàn wá pé ẹni tí ó bá tà á yóò jìyà.

Ọ̀nà tí kò tú àṣírí sì ti wà. Láti 2022 ni NIMC ti ní nọ́ńbà àfidípò tí wọ́n ń pè ní vNIN, tí ó ní àmì 16, tí kì í lò ju wákàtí 72 lọ. Òun ni ó yẹ kí á máa fún ilé-iṣẹ́ dípò NIN gangan. Kí wọ́n tún un ṣe débi pé "ó ti pé ọdún 18" nìkan ni ọlọ́jà yóò rí, kí ó má rí orúkọ tàbí àdírẹ́sì.

Ẹ̀yin òbí, tiwa náà wà níbẹ̀. Ẹ má fún ọmọ ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì yín nítorí pé ẹ fẹ́ kí ó bá yín ra káàdì ìpè. Ẹ má fi ìwé NIN sílẹ̀ nínú WhatsApp tí gbogbo ilé ń lò. Bí ẹ bá gbé ìwé lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ẹ dúró kí wọ́n pa á rẹ́ lójú yín. Bí ìkànnì bá béèrè ohun tí kò kàn án, ẹ fi í sílẹ̀. Ọjà kò tán láyé. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì ṣe ohun tí kò tọ́ pẹ̀lú ìwé yín, ẹ kọ̀wé sí NDPC. Kí àwọn Ìmáámù náà bá wa sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí ìwé ọmọlàkejì jẹ́ àmáánà, gẹ́gẹ́ bí owó rẹ̀.

Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Sūratun-Nūr pé kí á wọ ilé onílé láìgbàṣẹ, Ó sì kọ̀ fún wa nínú Sūratul-Hujurāt pé kí á máa ṣe ofófó lórí ara wa. Ọmọ wa ni a fẹ́ kí wọ́n bá wa ṣọ́, ilẹ̀kùn wa sì gbọ́dọ̀ wà ní títì. A lè béèrè méjèèjì lọ́wọ́ ìjọba àti lọ́wọ́ ọlọ́jà, kò sí èyí tí ó pọ̀ jù. Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì bo àṣírí wa. Àmín.