Ọmọ-ọmọ tó bá Màmá H.I.D. nínú ọ̀fọ̀

Ẹ jókòó sí ibikíbi nítòsí Fájuyì l'Ádó-Èkìtì, kẹ́ ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ìyá àgbà tó ti kú. Ọbẹ̀ tó máa ń sè ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ, owó tó máa ń tú sílẹ̀ létí aṣọ, àti orúkọ tí òun nìkan máa ń pe ọmọ-ọmọ ẹ̀. Ohun tójú ìyá ọ̀hún rí kì í sábà sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin àtijọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi gèlè bo ẹkún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀, Yèyé Oòduà. Àwọn ìyá àgbà tó wọ iléèwé ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955 l'Ádó ò jẹ́ gbàgbé orúkọ ọkọ ẹ̀, torí òun ló mú iléèwé ọ̀fẹ́ wá. Bí wọ́n bá wá kan Màmá fúnra ẹ̀, wọ́n á ní "ìyàwó Awólọ́wọ̀," wọ́n á ní ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye tí ọkọ ẹ̀ ń pè é. Òótọ́ ni o. Àmọ́ ohun tó dé bá a lọ́dún 1963 kọjá ti ìyàwó olóṣèlú.

Ẹjọ́ ìdìtẹ̀ síjọba ni ọkọ ẹ̀ ń jẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún yẹn. Lọ́jọ́ 10, oṣù keje, Ṣẹ́gun, àkọ́bí Màmá, kú nínú jàǹbá mọ́tò. Agbẹjọ́rò ni, kò tíì pé ẹni ọdún 25. Ó fi oyún sáyé lọ. Lọ́jọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ilé-ẹjọ́ ju Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Lọ́jọ́ 27 oṣù yẹn kan náà, wọ́n bí ọmọ Ṣẹ́gun. Ọkùnrin ni. Orúkọ bàbá ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹ fọkàn rò ó wò ná. Ọjọ́ 79 péré ló wà láàárín ikú àkọ́bí àti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ yẹn. Ẹni ọdún 47 ni Màmá, ọmọ wà ní sàréè, ọkọ wà lẹ́wọ̀n, ọmọ-ọmọ wà lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti sọ ọmọ lórúkọ ọ̀dọ́ tó kú rí mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré láti máa pe orúkọ yẹn láràárọ̀ pé kó wá jẹun.

Síbẹ̀, kò ráyè jókòó sunkún. Ọkọ ò sí nílé, òun ló bá àwọn ará ẹgbẹ́ jáde nígbà ìbò ọdún 1964. Oníṣòwò aṣọ kúkú ni, ó ti mọ ìrìn.

Oṣù kẹjọ ọdún 1966 ni wọ́n tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ ní Kàlàbá. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́jọ́ 29 oṣù keje, làwọn ṣọ́jà pa Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó, n'Ìbàdàn.  Tí obìnrin kan bá wà tó mọ ohun tójú àwọn ìyá ilé Fájuyì ń rí, Màmá H.I.D. ni.

Ọwọ́ Màmá àti Bàbá ni Ṣẹ́gun kékeré dàgbà sí. Òun náà di agbẹjọ́rò bíi bàbá tí kò fojú rí. Nígbà tó di 2013, wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà àjọ tó ń rí sí kíkó ọjà Nàìjíríà lọ sókè òkun.

Bàbá kú lọ́dún 1987. Ayọ̀délé, ọmọ Màmá, kú lọ́dún 2011, Olúwọlé tẹ̀ lé e lọ́dún 2013. Ọmọ márùn-ún ló bí, mẹ́ta ló ṣáájú ẹ̀ lọ. Àdúrà tí gbogbo abiyamọ ń gbà kọ́ nìyẹn o. Ṣùgbọ́n ọmọ Ayọ̀délé, Dọlápọ̀, ló fẹ́ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò tó di igbákejì ààrẹ lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2015. Ó ṣojú Màmá.

Lọ́jọ́ 19, oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Màmá sùn, ẹni ọdún 99. Ọjọ́ 25, oṣù kọkànlá, tí ì bá pé 100, ni wọ́n sin ín n'Ìkẹ́nnẹ́. Ṣẹ́gun tí wọ́n bí lọ́dún ọ̀fọ̀ ti di ẹni ọdún 52 lọ́jọ́ náà.