Ọ̀bẹ Àpò àti Ohun tí Ń Dì Í Mú

 

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kan wà tí èèkù rẹ̀ jẹ́ àkọ̀ fún un, tí ó sì lè padà sílé lójijì nígbà tí ìka ẹni ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀bẹ àpò ni, èyí tí a ń ṣẹ́ po kí a tó fi í sápò. Bàbá a máa fi í bó ọsàn lóko, ìyá a máa fi í gé okùn ẹrù, ọmọ ilé-ìwé a sì máa fi í gbẹ́ pẹ́ńsù. Nítorí pé ó kéré, ọ̀pọ̀ òbí ni í rà á fún ọmọ láìwò ju bí ó ti ń dán lọ. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò ni ohun tí ń dì í mú nígbà tí a bá ṣí i. Èyí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ewu wà. Bí a bá ń tẹ ojú ọ̀bẹ mọ́ ohun tí a ń gé, agbára ọwọ́ wa a máa tì í sí ìhà ibi tí ó ṣí sí, kò sì lè pa dé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ṣóńṣó rẹ̀ gún nǹkan, tàbí tí ó há sínú igi tí a sì ń yí i kí ó lè jáde, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọlu nǹkan, agbára náà a yí padà, a sì ti irin náà sínú èèkù. Ìka mẹ́rin ni ó wà lójú ọ̀nà nígbà náà. Bí iṣan ìka bá gé, ìka náà lè má lè ká mọ́. Ìka tí kò lè ká kò lè di ọkọ́ mú dáradára, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn láti fi í di abẹ́rẹ́ mú.

Irú ọ̀bẹ kìíní kò ní ìdè rárá. Sípíríǹgì kan wà lẹ́yìn èèkù rẹ̀ tí ó ń tẹ ìdí irin náà. Títẹ̀ yìí nìkan ni ó mú un dúró. Bí a bá fi agbára tì í, yóò pa dé. Irú rẹ̀ ni àwọn ará Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe láti ìgbà pípẹ́. Irú rẹ̀ náà ni ọ̀bẹ pupa kékeré ti Victorinox, ilé iṣẹ́ tí Karl Elsener dá sílẹ̀ ní Switzerland ní ọdún 1884. Ní ọdún 1897 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀bẹ àwọn ọ̀gágun. Ó dára fún ọsàn, okùn àti pẹ́ńsù. Kò dára fún gígún ohunkóhun.

Irú kejì ni olórùka. Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ eléèkù igi ní Savoie, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1890. Kò ní ìdè nígbà náà. Ní ọdún 1955 ni Marcel Opinel fi òrùka irin sí ọrùn rẹ̀. Òrùka náà ní àlàfo kan. Bí àlàfo bá kọjú sí irin ọ̀bẹ, ọ̀bẹ á ṣí, á sì pa dé. Bí a bá yí òrùka náà, àlàfo á kúrò, irin kò sì ní ibi tí yóò gbà padà. Ojú lásán ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ti tì, èyí sì dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í tì fúnra rẹ̀: ẹni tí ó gbàgbé láti yí òrùka kò ní ìdè. Ní ìgbà òjò pẹ̀lú, igi èèkù a máa wú, a sì máa fún irin náà mọ́ra, tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíṣí rẹ̀ á di ìjàkadì.

Irú kẹta ni Okapi. Ní ọdún 1902 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ilẹ̀ Jámánì, láti tà ní àwọn ilẹ̀ Áfríkà tí Jámánì ń ṣàkóso nígbà náà. Láti ọdún 1988 ni ó ti di ti Gúúsù Áfríkà. Ìdí irin rẹ̀ ní eyín bí ti ayùn; bí a bá ń ṣí i, sípíríǹgì ẹ̀yìn á máa bọ́ sínú eyín náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́. Òrùka kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a ó fà sókè kí ó tó lè pa dé. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n irin rẹ̀ máa ń dógùn-ún bí a bá gbàgbé omi ọsàn sí i lára.

Irú kẹrin ń tì láti ẹ̀yìn. Ọ̀pá irin kan wà nínú ẹ̀yìn èèkù tí ó ń ṣe bí ọmọ àgádágodo: orí rẹ̀ á já sínú ihò tí ó wà ní ìdí irin ọ̀bẹ. Bí a bá tẹ ìdí ọ̀pá náà, orí rẹ̀ á gbé sókè. Ìdè yìí ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ Buck 110, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964, ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ìka kò sí lójú ọ̀nà nígbà tí a bá ń tú u. Ọ̀tá rẹ̀ ni ẹrẹ̀: bí erùpẹ̀ bá kún ihò náà, orí ọ̀pá kò ní wọlé tán, yóò sì dàbí ẹni pé ó ti tì.

Irú karùn-ún ni aláwẹ́, èyí tí Michael Walker ti Amẹ́ríkà tún ṣe tí ó fi gbilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 síwájú. Awẹ́ irin pẹlẹbẹ kan nínú èèkù á yà wá sẹ́yìn ìdí ọ̀bẹ bí ó bá ti ṣí. Chris Reeve, ọmọ Gúúsù Áfríkà, sọ ẹ̀gbẹ́ èèkù fúnra rẹ̀ di awẹ́ yìí nínú ọ̀bẹ rẹ̀ tí ó pè ní Sebenza, èyí tí í ṣe “ṣiṣẹ́” ní èdè Súlú. Ọwọ́ kan ni a fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n láti pa á dé, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wọ ojú ọ̀nà irin. Nítorí náà, kò yẹ fún ọmọdé.

Èwo ni kí a rà? Fún ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́, olórùka dára, bí òbí bá kọ́ ọ láti yí òrùka kí ó tó gé ohunkóhun. Fún àgbẹ̀, èyí tí ń tì láti ẹ̀yìn tàbí Okapi ni, kí ó sì máa fọ̀ ọ́, kí ó nù ún gbẹ, kí ó kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí oríkèé rẹ̀. Kì í ṣe epo pupa, nítorí a máa dì, a sì máa kó ìdọ̀tí jọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí i, ẹ mú ìka yín kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ sì rọra tẹ ẹ̀yìn irin náà mọ́ pákó. Bí ó bá mì tàbí tí ó fẹ́ yẹ̀, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Iṣẹ́ tí ó bá sì le, ẹ gbé àdá tàbí ọ̀bẹ aláìṣẹ́po. Kò sí ìdè tí ó lágbára tó irin tí kò ní oríkèé.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tí ọmọ wọn ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìdè tí ó ń dáàbò bo ìka níhìn-ín lè kó ọmọ sí ìjọ̀ngbọ̀n lọ́hùn-ún. Òfin ọdún 1988 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀bẹ àpò tí ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 3 lọ láyè, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ti là á yé wa pé èyí tí ó ń tì kò sí lábẹ́ àyè yẹn. Ẹni tí ó bá gbé e káàkiri ìgboro láìní ìdí rere lè dé ilé ẹjọ́. Irú kìíní, èyí tí kò ní ìdè, ni òfin fàyè gbà. Bí ó bá sì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ó kó gbogbo ọ̀bẹ rẹ̀ sínú àpótí ńlá, kì í ṣe àpò ọwọ́.

Níkẹyìn, ẹ kọ́ ọmọ yín pé ìdè jẹ́ olùrànlọ́wọ́, kì í ṣe alágbàtọ́. Kí ó máa lo ọ̀bẹ tí ó ń tì bí ẹni pé kò tì. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yóò fi ìka mẹ́wàá jẹun títí dọjọ́ ogbó. Ó tún dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.