Ẹni Tó Borí Jù, àbí Ẹni Tó Dúró Déédéé Jù?

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2021, ní Lenzerheide lórílẹ̀-èdè Switzerland, Petra Vlhová ará Slovakia ṣe ipò kẹfà nínú ìdíje slalom tó kẹ́yìn sáà Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti eré síkì. Póìntì 40 ni ipò kẹfà ń mú wá. Póìntì 40 yẹn ló fi dá a lójú pé òun ló ni ife-ẹ̀yẹ ńlá, èyí tí wọ́n ń fún obìnrin tó ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ nínú gbogbo ẹ̀ka eré síkì lágbàáyé. Kò sí ará Slovakia kankan tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Àmọ́ póìntì 40 kan náà yẹn kò tó láti fi di ife kékeré ti slalom mú, bẹ́ẹ̀ òun ló wà lókè tábìlì slalom kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Katharina Liensberger ará Austria ló gbé e lọ.

Ìdíje slalom mẹ́sàn-án làwọn obìnrin ṣe ní sáà náà. Vlhová borí nínú mẹ́rin: méjì léraléra ní Levi ní Finland, ọ̀kan ní Zagreb, ọ̀kan ní Åre ní Sweden. Mikaela Shiffrin ará Amẹ́ríkà mú méjì, Liensberger mú méjì, Michelle Gisin ará Switzerland mú ọ̀kan tó kù. Báwo wá ni ẹni tó borí lẹ́ẹ̀mejì ṣe gba ife mọ́ ẹni tó borí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́wọ́? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tọ̀tún ká gbọ́ tòsì.

Ká tó dé ibẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tí eré náà jẹ́. Wọ́n á ri ọ̀pá pupa àti ọ̀pá aláwọ̀ búlúù mọ́ inú yìnyín láti òkè dé ìsàlẹ̀, eléré á sì máa lọ́ kọ́rọ́kọ́rọ́ gba àárín wọn. Kì í yà fún ọ̀pá. Ó ń sún mọ́ ọn débi pé ojúgun àti ọwọ́ ló fi ń gbá a dà nù lójú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tó fi ń de ike líle mọ́ ojúgun méjèèjì. Oríkèé wà ní ìdí ọ̀pá náà. Bó bá ti tẹ̀, á tún dìde. Bí síkì ẹsẹ̀ kan bá gba ẹ̀yìn ọ̀pá tí kò yẹ kó gbà, eré ti parí fún onítọ̀hún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì ro àkókò méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ṣe ipò kìíní nígbà àkọ́kọ́ tó wá ṣubú nígbà kejì, òdo ló máa gbé lọ sílé. Ẹni àkọ́kọ́ ń gba 100, ẹnìkejì 80, ẹnìkẹta 60, ẹnìkẹrin 50, títí dé orí ẹni ọgbọ̀n tó ń gba ẹyọ kan.

Àwọn tó gbè sẹ́yìn Vlhová ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní kí lèèyàn ń sáré ìdíje fún bí kì í bá ṣe kó lè borí? Ẹ wo ìṣirò náà: ẹni tó bá ṣe ipò kẹta lẹ́ẹ̀mẹsàn-án á ní póìntì 540, ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀marùn-ún tó sì ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin á ní 500. Ẹni tí kò borí rí ló máa wà lókè. Liensberger fúnra rẹ̀ kò tíì borí nínú ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé kankan láyé rẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún yẹn, ní Åre, nígbà tó ku ìdíje slalom kan péré kí sáà parí. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù. Póìntì méjì ni ẹgbẹ́ tó borí ń gbà tẹ́lẹ̀, ọ̀mì sì jẹ́ ẹyọ kan, títí England fi sọ ti ìborí di mẹ́ta ní 1981, tí Ife Àgbáyé náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1994, kí ọ̀mì má bàa máa tẹ́ àwọn ẹgbẹ́ lọ́rùn.

Àwọn tó wà lẹ́yìn Liensberger náà kò dákẹ́. Wọ́n ní nínú slalom, ká má ṣubú kì í ṣe iṣẹ́ ojo. Nínú ìdíje márùn-ún àkọ́kọ́ sáà náà, ó ṣe ipò kẹta lẹ́ẹ̀mejì ní Levi, ipò kejì ní Semmering, ní Zagreb àti ní Flachau. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn tó sì ń bá figẹ̀ wọngẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: ìdíje slalom méjìdínlọ́gbọ̀n tẹ̀léra ni Shiffrin àti Vlhová ti pín láàárín ara wọn kí Gisin tó já okùn náà ní Semmering ní oṣù Kejìlá 2020. Ní Zagreb, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́kọ́ńdì ni Vlhová fi ju Liensberger lọ. Ìyàtọ̀ tí ojú kò lè rí yẹn ti ná an ní ogún póìntì. Bí a bá tún fi kún póìntì ìborí, ṣé irú ìyàtọ̀ báyìí ló máa wá máa pín ife?

Ìtàn eré náà fúnra rẹ̀ lè là wá lọ́yẹ̀. Nígbà tí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ìdíje mẹ́ta tí eléré bá ti ṣe dáadáa jù nínú ẹ̀ka kan ni wọ́n ń kà fún un. Ká ní òfin yẹn ṣì wà, Vlhová ni ì bá gba ife slalom: ìborí mẹ́ta gbáko, nígbà tó jẹ́ pé ìborí méjì àti ipò kejì ni Liensberger àti Shiffrin máa rí kà. Ìdùnnú nìyẹn fún ẹgbẹ́ Vlhová. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀: Vlhová ti parí ìborí mẹ́ta rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kínní. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí ìdíje márùn-ún tó kù lè fi kún tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè kọjá rẹ̀. Ìdajì sáà á wá di eré ìnàjú lásán.

Níbi tí mo gbé e kà nìyí. Ẹ̀san wà fún ẹni tó mókè lọ́jọ́ kan, àmì ẹ̀yẹ góòlù ni. Liensberger gba ti ìdíje àgbáyé ní Cortina ní oṣù Kejì 2021, kò sì fi póìntì kankan kún ife rẹ̀. Vlhová gba ti Òlíńpíìkì ní Beijing lọ́dún tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tó ṣe ipò kẹjọ nígbà àkọ́kọ́. Ife sáà ń bi ìbéèrè mìíràn: ta ló gbé e dé òpin láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta? Ẹ̀sùn pé ìborí kò wúwo tó ní òótọ́ nínú, àjọ FIS tó ń ṣàkóso eré náà sì lè fi díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin tí gbogbo wọn mọ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, Vlhová wà lókè ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn, Liensberger sì borí níbẹ̀ nígbà tí ìborí wọ́n jù. Kò jí ife ẹnikẹ́ni.