Gbèsè Tí Olórin Jẹ Olólùfẹ́ Rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2007, àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́ta jáde sórí ìtàgé ní gbọ̀ngàn O2 tó wà ní Greenwich, létí odò Thames nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Jimmy Page tó ń ta jìtá jẹ́ ẹni ọdún 63. John Paul Jones, tó ń ta jìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tó sì tún ń tẹ dùùrù, jẹ́ ẹni ọdún 61. Robert Plant tó ń kọrin jẹ́ ẹni ọdún 59. Ẹni kẹrin wọn, Jason Bonham tó jókòó sídìí ìlù, ni àbúrò pátápátá láàárín wọn: ẹni ọdún 41 ni. Led Zeppelin ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, tó sì tú ká ní ọdún 1980 nígbà tí John Bonham, onílù wọn, kú ní ẹni ọdún 32. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni Jason.

Ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ni eré náà ìbá wáyé, ìka Page tó kán ló sún un síwájú. Ìròyìn tó gbòde nígbà náà ni pé àwọn tó ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì tó mílíọ̀nù 20, bẹ́ẹ̀ gbọ̀ngàn náà kò gbà ju nǹkan bí 20,000 ènìyàn lọ. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò rí i rà ní póùn 125. Ẹnì kan tilẹ̀ san póùn 83,000 fún tíkẹ́ẹ̀tì méjì níbi gbàǹjo kan tí wọ́n fi ń kówó jọ fún àwọn ọmọdé tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ adùn orin rọ́ọ̀kì lè pe èyí ní wèrè. Kì í ṣe wèrè rárá, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a béèrè ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí rò pé àwọn ń fi owó rà.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣeré kẹ́yìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ní Knebworth ní oṣù Kẹjọ ọdún 1979, ti di ẹni ọdún 46 ní alẹ́ ọjọ́ yìí. Láàárín ọdún 28 náà, ó ti lè fẹ́yàwó, kó bímọ, kó sì sin òbí. Ewú ti ń yọ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo orin tó rà nígbà èwe rẹ̀ kò yí padà. Ohùn Plant tó wà nínú àwo àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní ọdún 1969, ṣì jẹ́ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni 20 ọdún. Àwo orin kì í darúgbó, ènìyàn ni ó ń darúgbó, ibi tí wàhálà olólùfẹ́ àtijọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í lọ gbọ́ olórin tó dúró níwájú rẹ̀. Ńṣe ni ó ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì bá àwo mu. Bí a bá sì tú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, ara rẹ̀ ni ó lọ yẹ̀ wò: bí olórin náà bá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, a jẹ́ pé òun náà kò tíì dàgbà.

Ọ̀pọ̀ nínú orin 16 tí wọ́n kọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní ohùn tó rẹlẹ̀ ju ti inú àwo lọ, kí ohùn Plant lè gbé e. Àwọn kan ka èyí sí àbùkù. Ìdájọ́ wọn kò tọ́. Nígbà èwe rẹ̀, gbogbo ibi ni Plant ti máa ń ké; ní ọdún 2007, ó ń yan ibi tí igbe ti wúlò. Kí a mú orin “Since I've Been Loving You” gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Orin ìbànújẹ́ ni, orin ẹni tí ìfẹ́ ti sọ di aláàárẹ̀. Ní ọdún 1970 tí wọ́n gbé e jáde, Plant kò tíì ju ẹni ọdún 22 lọ, kí ni ọmọ ọdún 22 sì mọ̀ nípa àárẹ̀? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ní O2, akìísà náà wà lọ́rùn ẹni tó ni ín.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé olùkọ́ tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn. Ìjálá tí ọdẹ kan sun lónìí kì í ṣe ẹ̀dà èyí tó sun lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó gbọ́n tí yóò ní ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn nìkan ni ojúlówó. Ìgbà tí wọ́n tẹ ìjálá sínú ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbà wà. Iṣẹ́ kan náà ni àwo orin ṣe fún àwọn olólùfẹ́ Led Zeppelin.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a torí ọ̀wọ̀ àgbà gbóríyìn fún ohunkóhun tí àgbà bá gbé sórí ìtàgé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1985, ẹgbẹ́ yìí kan náà tún pàdé ní Philadelphia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi eré Live Aid tí wọ́n fi kówó jọ fún àwọn tí ìyàn ń pa ní Etiópíà. Phil Collins àti Tony Thompson ni wọ́n bá wọn lùlù. Ìdánrawò wọn kò tó nǹkan, ohùn Plant ha, okùn jìtá Page kò dún ire. Eré náà burú débi pé àwọn fúnra wọn kò gbà kí wọ́n fi í kún fíìmù Live Aid tó jáde ní ọdún 2004. Ẹni ọdún mélòó ni Plant ní ọdún 1985? Ẹni ọdún 36 péré! Ẹni ọdún 36 kùnà níbi tí ẹni ọdún 59 ti yege. Ọjọ́ orí kọ́ ló fa ìkùnà ti àkọ́kọ́, àìmúrasílẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi dánra wò fún ti ọdún 2007.

Jason ni ẹrù tó wúwo jù já lé léjìká. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí baba rẹ̀ kú. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ó dùn ún sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ jókòó sí ìdí ìlù tí gbogbo ayé ti mọ bí baba ẹni ṣe ń lù ú? “Good Times Bad Times” ni wọ́n fi ṣí eré, orin àkọ́kọ́ inú àwo àkọ́kọ́, níbi tí ẹsẹ̀ John Bonham ti kọ́kọ́ ya àwọn onílù lẹ́nu. Láyà ni ẹni tó bá yàn án ní. Jason lù ú láìkọsẹ̀. Wọ́n tún kọ “For Your Life” tó jáde ní ọdún 1976, èyí tí wọn kò kọ lójú agbo rí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ti ń tẹ̀lé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá rí ohun tuntun gbọ́.

Ìrántí Ahmet Ertegun, ọmọ orílẹ̀-èdè Tọ́kì tó wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Atlantic Records sílẹ̀, tó sì kú ní ọdún 2006, ni wọ́n torí rẹ̀ péjọ. Owó tó wọlé lọ sínú àpò ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo ènìyàn ń retí kí wọ́n máa ṣeré káàkiri ayé. Plant kọ̀. Ó bá Alison Krauss lọ láti kọ àwọn orin inú àwo wọn, Raising Sand, èyí tó gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo orin tó dára jù lọ́dún ní 2009. Àwọn mẹ́ta tó kù gbìyànjú àwọn akọrin mìíràn ní ọdún 2008, kò sì so èso.

Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bínú sí Plant, wọ́n ní anìkànjọpọ́n ni. Inú àwọn tí kèké kò mú bí lọ́nà ẹ̀tọ́, nítorí wọ́n ní owó lọ́wọ́ ṣùgbọ́n wọn kò rí ìjókòó rà. Ṣùgbọ́n gbèsè wo ni Plant jẹ wọ́n? Ó jẹ wọ́n ní ìmúrasílẹ̀, ó sì jẹ wọ́n ní ohùn tó ní gan-an. Ó san méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá ní kó tún lọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún alẹ́, ìgbà èwe tirẹ̀ ni ó ń béèrè, ìyẹn kò sì sí lọ́wọ́ olórin kankan.

Ní ọdún 2012, wọ́n gbé fíìmù alẹ́ náà, Celebration Day, lọ sí àwọn ilé sinimá, wọ́n sì gbé àwo rẹ̀ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò tíì bí nígbà náà lè wò ó lónìí. Plant ti lé ní ẹni 70 ọdún báyìí, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 59 ni nínú fíìmù yẹn, kò sì ní kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tún bá Page àti Jones jáde lọ́la, àwọn kan yóò wà nínú èrò tí yóò máa fi ti ọdún 2007 wọ̀n ọ́n.