Ọ̀lẹ Kọ́, Aláìsàn Ni

Orúkọ ẹ̀gàn ni ọ̀lẹ láàárín àwa ọmọ Yorùbá. Nítorí náà, ó yẹ kí a wádìí dájú kí a tó fi í pe ọmọ ọlọ́mọ.

Àrùn kan wà tí ó máa ń sọ alágbára di ẹni tí ó jọ ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ-ogun inú ara, tí Ẹlẹ́dàá yàn láti máa lé àrùn jáde, ni wọ́n ṣìnà, tí wọ́n dojú ìjà kọ iṣan ara fúnra rẹ̀. Iṣan a wú, agbára a sì máa dín, pàápàá ní èjìká, ìbàdí àti itan. Ẹ̀yà rẹ̀ kan ni àwọn oníṣègùn ń pè ní polymyositis. Èyí tí awọ ara bá sú pẹ̀lú rẹ̀, ní ìpéǹpéjú àti oríkèé ìka, ni dermatomyositis, tí ó ń mú ọmọdé àti àgbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ la ojú yín sílẹ̀. Ọmọ tí ó ń sáré ní sáà tí ó kọjá, tí ó wá ń fi ọwọ́ ti itan kí ó tó lè dìde nílẹ̀, tí kò lè gun àtẹ̀gùn, tí kò lè na ọwọ́ dé òkè pátákó ìkọ̀wé, tàbí tí oúnjẹ ń há lọ́fun: pàṣán kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ̀yin ará ilé, àrùn yìí kì í ràn. Ẹ má sì ṣe tìtorí rẹ̀ pe ìyá arúgbó kankan ní àjẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn bí iṣan bá ń bàjẹ́. Prednisolone wà lára oògùn tí dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ fún aláìsàn. Ewu ńlá ni kí ó dá a dúró lójijì nítorí pé ara rẹ̀ ti ń yá. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kí ẹni tí awọ ara rẹ̀ sú máa sá fún oòrùn. Eré ìdárayá níwọ̀nba, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà, ń ran iṣan lọ́wọ́; kí a má ṣe sé aláìsàn mọ́ orí ẹní.

Ṣùgbọ́n oògùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, àpò aláìsàn ni owó rẹ̀ sì ti sábà ń jáde ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn aṣáájú yín bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí i.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àrùn ni kí a tètè mú, kí a yé mú aláìsàn.