Ẹ Wọn Iná Wò Kí Ẹ Tó Dẹ́bi fún Motherboard

Ní sáà tó kọjá, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n gbé pírójẹ́ẹ̀tì mi síwájú àwọn olùkọ́, kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi tò bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Bí mo bá ń tẹ lẹ́tà lásán, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí mo bá ti gbé iṣẹ́ gidi fún un, tí graphics card bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, paa! Ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Gbogbo ẹni tó wọ yàrá wa ní hóstẹ́lì ló ní àlàyé tirẹ̀. Ẹnì kan ní RAM ni. Ẹlòmíràn ní kí n tún Windows fi sí i. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọgbà wo inú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní motherboard ti kú.

Mo pe màmá mi. Wọ́n ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé òun ló ń ṣe é?" Mo ní, "Ó dá mi lójú, Mọ́mì." Wọ́n bẹ olórí àjọ wọn pé kó jẹ́ kí àwọn kó tiwọn ṣáájú àsìkò, wọ́n sì fi owó náà ránṣẹ́ sí mi. Mo ra motherboard àlòkù, mo tò ó sí i, mo tàn án. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Paa!

Power pack ló ń ṣe é. Àpótí irin tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà tó kù, èyí tí mo fi ṣẹ́ńjì tó ṣẹ́ kù rà lẹ́yìn tí mo ti ra gbogbo ohun tó wù mí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sọ: ó yẹ kí a jáwọ́ nínú fífojú bu àìsàn kọ̀ǹpútà. A kọ́ nípa fólítì àti kọ́ríǹtì láti ọdún àkọ́kọ́, a sì yege nínú ìdánwò rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ tiwa bá kọṣẹ́, a ó pa ìwé dé, a ó máa ra ẹ̀yà tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ta lọ́tìrì.

Power pack kì í ṣe bíi gílóòbù tó jẹ́ pé bó bá ti jó, ó ti jó. Ó lè máa tàn síbẹ̀ kó má lágbára mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba iná 230V láti ara ògiri, kó sọ ọ́ di 12V, 5V àti 3.3V. Ìlànà ATX fàyè gba ìyàtọ̀ 5% péré: 12V kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 11.4V lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ga ju 12.6V lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sinmi, ẹrù tó ń rù kò tó nǹkan. Ìgbà tí ẹrù bá wúwo ni àìlera rẹ̀ máa ń hàn, àwọn ẹ̀yà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni a ó sì máa fura sí. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Windows pàápàá kò ní dá ẹjọ́ yìí fún yín. Kernel-Power 41 tó máa ń kọ sílẹ̀ kò sọ ju pé ẹ̀rọ náà kú láìjẹ́ pé a pa á bó ṣe yẹ.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti gboyè jáde ní ẹ̀ka wa ló gbà mí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí lórí fóònù ni pé, "Ṣé o ti wọn iná rẹ̀?" Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára extension, kí n kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri mìíràn. Kò yí padà. Wọ́n wá yá mi ní mítà. Mo yí i sí DC, mo fi ẹnu dúdú kan wáyà dúdú, mo fi ẹnu pupa kan wáyà yẹ́lò lára Molex tí n kò lò. Nígbà tí ẹ̀rọ ń sinmi, mo rí 12.1V. Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ fún un, ó já sí 11.2V. Ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn kan máa ń so wáyà gíríìnì mọ́ dúdú lára ìdè oníhò 24, bí fáànù bá ti yí, wọ́n á ní power pack dára. Ẹni tó lè dìde lórí ẹní kọ́ ló lè ru àpò sìmẹ́ńtì. Mítà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, nítorí fólítì lè já kó sì padà kí mítà tó rí i. Bí nọ́ńbà bá dára tí ẹ̀rọ ṣì ń kú, ẹ yá power pack tó dá yín lójú, kí ẹ fi dán an wò. Àmọ́ wáyà tirẹ̀ ni kí ẹ lò pẹ̀lú rẹ̀. Ìtò wáyà láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn kì í bára mu, ó sì lè jó hard disk yín. Ẹ má sì tú àpótí náà. Iná tó lé ní 300V lè ṣì wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́. Òótọ́ ni, power pack ló sì ń kọ́kọ́ fara gba ẹgba iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi ṣẹ́ńjì rà á. Ẹ má sì wo nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lára páálí. Wọ́n kọ 600W sára tèmi, àmọ́ 25A ni wọ́n kọ sí ìlà 12V. Ẹ sọ 12 di ìlọ́po 25: 300W péré.

Mo rọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa pé kí wọ́n fi díẹ̀ nínú owó tí à ń dá lọ́dọọdún ra mítà kan àti power pack kan tó dára, kí wọ́n kó o sí láàbù, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ fi káàdì ìdánimọ̀ yá a. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde náà lè bá wa ra èkejì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ, tí a ó gbé ẹ̀rọ ara wa wá, tí a ó sì wọn iná inú rẹ̀.

Motherboard tí wọ́n ní ó kú yẹn wà nínú ẹ̀rọ àbúrò mi, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Màmá mi kò tíì mọ̀. "Ṣé ó dá ẹ lójú?" ni wọ́n bi mí lọ́jọ́ náà, mo sì dáhùn láìwọn nǹkan kan. Bí mo bá délé ní ìsinmi yìí, èmi fúnra mi ni n óò sọ fún wọn.