Ẹ̀bùn Ò Tó Ìṣúná



Bí ọdún iṣu Savalou bá ti dé ní 15 oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ wa tó ti là níta á padà wálé, wọ́n á náwó fún wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá wá ní ká dìbò fún òun ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo Shina Peller ní Nàìjíríà, ọmọ Professor Peller, onídán ará Ìsẹ́yìn tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Ó dá ilé ijó Quilox sílẹ̀ ní Èkó ní 2013, owó dé. Kò gbàgbé ìlú baba rẹ̀. Ó dá àjọ aláàánú sílẹ̀, àti pé ní 2019, àwọn ará Ìsẹ́yìn, Ìtẹ̀síwájú, Kájọlà àti Ìwàjọwà rán an lọ sílé aṣòfin ní Abuja. Nígbà tó yá, ó fi ẹgbẹ́ APC sílẹ̀, ó lọ sí Accord, ó ń wá ipò sẹ́nétọ̀ Àríwá Ọ̀yọ́. Ní 2023, Fatai Buhari ti APC ló wọlé.

A ò bú u. Ẹni tó lè dá ilé ijó sílẹ̀ kó sì gba èèyàn síṣẹ́, ọ̀lẹ kọ́. Àmọ́ ẹ rí i pé òkìkí pẹ̀lú ìtọrẹ ò so ìbò mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìjọba, a mọ̀ pé owó àpò ẹnì kan á tán lọ́jọ́ kan. Bí páǹpù tí olówó rì fún wa bá bàjẹ́, tí àtúnṣe rẹ̀ ò sí nínú ìṣúná mẹ́rì, odò náà làwọn obìnrin wa á tún padà sí. Lábẹ́ Òfin 2021-14, ìgbìmọ̀ kọ́múnù ló ń dìbò lórí ìṣúná, secrétaire exécutif ló sì ń pàṣẹ ìnáwó. Iṣẹ́ tí à ń rán kọ̀nsẹ́yẹ̀ nìyẹn: kó jókòó síbi ìpàdé, kó ka ìwé, kó bèèrè ibi tówó gbà.

Torí náà, ẹni tó fẹ́ ta wá lọ́rẹ, kó máa bọ̀, a ó dúpẹ́. Ẹni tó fẹ́ ìbò wa, kó sọ ohun tó fẹ́ fi sínú ìṣúná, kó sì ṣèlérí pé lọ́dọọdún lòun á wá jíhìn láàfin níwájú gbogbo ìlú.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹnu yín là ń wò. Ẹnu tó bá jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó súre fún wọn.